Orúnkún Wú, Mo Ní Ara Le

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é kánjú sọ. Mo sùn lálàáfíà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orúnkún ọ̀tún mi ti wú, ó tó àgbọn, ó sì gbóná janjan. Aṣọ ìbora lásán, n kò fẹ́ kí ó kàn án. Èmi tí mo máa ń fẹsẹ̀ rìn láti àdúgbò Adébáyọ̀ dé Ọjà Ọba, tí mo máa ń fi àwọn ọlọ́kadà ṣe yẹ̀yẹ́, n kò lè dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ṣé n ó tún fẹsẹ̀ ara mi rìn báyìí? Ohun tí mò ń rò nìyẹn.

Ìyàwó mi wá mọ́tò, ó di ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó ń gba àwọn aláìsàn wọlé kúnlẹ̀ kí mi.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, ṣé ara le?”

“Ara le, ọmọ mi. A dúpẹ́.”

“Kò síbi tó ń dùn yín?”

“Kò sí o. Olúwa ti wò mí sàn.”

Ní ìjọ tiwa, a kì í fẹnu ara wa pe àìsàn mọ́ra. Ọmọ náà gbà mí gbọ́, ó ní kí n lọ jókòó lẹ́yìn, mo sì fara ti ìyàwó mi débẹ̀. Ẹni tó dé lẹ́yìn mi wọlé, òmíràn tún wọlé. Òógùn bò mí.

Ìyàwó mi wò mí títí. “Bàbá, bí ẹ bá ti sàn, ẹ dìde ká máa relé. Mo fẹ́ lọ gúnyán.”

N kò lè dìde.

Ìyàwó mi tún ní, “Ọlọ́run ti rí orúnkún yẹn. Ọmọ yìí ni kò rí i. Ṣòkòtò yín ló bò ó.”

Mo bá pe nọ́ọ̀sì padà. “Ọmọ mi, orúnkún yìí ń pa mí lọ.”

Ó gbọ́wọ́ lé e, ó yára fà á kúrò. “Bàbá, ẹ ò wá sọ.”

Kíá, wọ́n ti gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Obìnrin ni. Ó fi abẹ́rẹ́ fa omi kan jáde láti inú orúnkún náà, ó rí bí omi ògì. Ó ní ká ní mo padà sílé ni, omi yẹn ìbá ba oríkèé náà jẹ́ pátápátá. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n ń fún mi lóògùn, ìrora náà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ arọ wá. Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn. Lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ọjọ́ kìíní kúnlẹ̀.

“Bàbá, ṣé ara le?”

“Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó dá a lóhùn,” ni ìyàwó mi wí.

Mo ká ṣòkòtò sókè. Mo ká orúnkún náà kò, mo nà án, mo tún ká a kò.

“Ara le,” ni mo wí.