Ìgbálẹ̀ Màmá Mi àti Òkun Bàbá

Bàbá nà gbalaja sórí ilẹ̀ onípákó, ojú wọn dì, àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti skúùlù dé ni, àpò ìwé mi ṣì wà léjìká. Mo figbe ta: "Yéè! Bàbá ti kú o!" Wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè. "Dákẹ́ jàre. Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀." Lóòótọ́, kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ń ró woro-woro, títí ọkọ̀ fi kọjá láàárín títì wa ní àdúgbò South Shore, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Bàbá ní kí èmi náà dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn lèèyàn fi ń gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í ṣe etí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Màmá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan. Wọ́n á ṣe shift alẹ́, wọ́n á sùn díẹ̀, wọ́n á tún lọ ṣe ti ọ̀sán. Èmi tí mo di nọ́ọ̀sì lónìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ irú àárẹ̀ tó ń bá wọn fínra. Bí eegun bá lè kọ̀wé ni, tèmi ì bá ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Bàbá yìí, tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ló máa ń dúró tì mí títí màmá mi á fi dé. Wọn kì í ṣe Yorùbá. Ará àwọn erékùṣù Marshall ni wọ́n, láàárín òkun Pàsífíìkì lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti tínrín débi pé bí o bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, òkun wà níwájú rẹ, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ. Amẹ́ríkà ló fẹ́ dán bọ́ǹbù wò lágbègbè wọn tí wọ́n fi kó ìdílé Bàbá kúrò lórí ilẹ̀ wọn. "Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni." Bàbá á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í dùn mọ́ mi rárá.

Òórùn àgbọn àti ẹja inú agolo ló máa ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà wọn. Bàbá á se ìrẹsì, wọ́n á rọ ọ́ ní roboto, wọ́n á fi àgbọn tí a rin yí i lára, màá jẹ ẹ́ títí ikùn mi á fi le. Bí ojú ọjọ́ bá dáa, a óò rìn lọ sétí adágún. Wọ́n á fi ìka bọ omi, wọ́n á tọ́ ọ wò. "Omi yìí ò níyọ̀," wọ́n á ní, "ṣùgbọ́n òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń yípo òkúta. Wò ó dáadáa."

Bí a bá padà délé, iṣẹ́ yá. Àwòrán òkun ni iṣẹ́ wa. Igi tín-ín-rín inú ewé àgbọn, tí wọ́n kó sínú àpótí wá láti ilé, ni a fi ń dì í. Igi tó tẹ̀ ni ìgbì. Ibi tí igi méjì ti pàdé, ibẹ̀ ni ìgbì méjì ti ń kọlu ara wọn. Owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí a bá so mọ́ ọn, erékùṣù ni. Bẹ́ẹ̀ làwọn baba ńlá wọn ṣe ń kọ́ ọmọ ní ọ̀nà orí omi. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ ti ba ojú Bàbá jẹ́, wọn ò rí òwú so mọ́. Èmi ni mò ń so ó. Wọ́n ní èyí ni àwọn máa ṣe kẹ́yìn. Ọmọ ọmọ wọn kan ṣoṣo tó wà nítòsí ń ta fóònù nílé ìtajà ńlá kan ní Schaumburg, ó sì ti ṣèlérí pé òun á wá kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Ìmọ̀ ìdílé ni. Bí ọmọ yẹn ò bá gbà á, ó tán nìyẹn.

Ní Àlàmísì, erékùṣù mẹ́ta ló kù. Mo bẹ Bàbá pé kí n gbé e lọ sókè kí n lọ so ó parí. Wọ́n gbà. Mo so ó tán, mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ sùn. Láàárọ̀, màmá mi ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n bá igi tí wọ́n fi òwú dúdú dì, pẹ̀lú owó ẹyọ lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin Ìsẹ́yìn tó ń kírun ìgbà márùn-ún lójúmọ́, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò?

"Aúsù bílláhì! Ta ló gbé ẹbọ wọnú ilé mi?"

Kí n tó la ojú, wọ́n ti dì í sínú ọ̀rá, wọ́n ti sọ ọ́ síta, ọkọ̀ akólẹ̀ sì ti gbé e lọ. Mo bú sẹ́kún. "Màmá, òkun Bàbá ni!"

"Òkun wo? Ṣé orí tábìlì lòkun ń gbé ni?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rojọ́ tán, wọ́n jókòó gbẹ̀-ẹ́ sórí àga. Wọn ò sùn lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ti skúùlù dé, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a sọ̀ kalẹ̀. Màmá mi kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo dà á nù. Mo rò pé òògùn ni."

Bàbá ń fọwọ́ pa orúnkún wọn. Wọ́n ní, "O ò mọ ohun tó jẹ́ ni." Wọ́n wá yíjú sí mi. "A kì í gbé e lọ sójú òkun. Ilé là ń fi í sí. Ẹni tó bá ṣì nílò rẹ̀ kò tíì tó atukọ̀. Dijú. Dì í."

"Kí ni mo fẹ́ fi dì í, Bàbá?" Igi ti tán nínú àpótí.

Màmá mi dìde, wọ́n gòkè lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìgbálẹ̀ wọn ló wà lọ́wọ́ wọn, ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tí ìyá wọn fọwọ́ ara rẹ̀ dì fún wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lókè òkun. Wọn ò jẹ́ kí n fi gbálẹ̀ rí. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé okùn rẹ̀. Wọ́n já bọ́tìnnì ara aṣọ iṣẹ́ wọn àtijọ́ fún erékùṣù. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ṣùgbọ́n mo dijú, ọwọ́ mi sì ń rántí ohun tí orí mi ti gbàgbé. Bàbá ń fi ìka tẹ̀ lé mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ní, "Òkun ò tẹ̀ báyẹn níbẹ̀," mo sì tú u, mo tún un dì. Alẹ́ Jímọ̀ náà la parí rẹ̀.

Sátidé dé. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó, ìrẹsì ti wà nílẹ̀. Fóònù dún. Ọmọ náà ní ẹnì kan ò wá síbi iṣẹ́, òun lòun máa dúró fún un. Bàbá ní kò burú. Ó burú, mo rí i lójú wọn. Wọ́n sọ fún mi pé òkun ti ń jẹ ibojì ìyá àwọn nílé. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìwọ, dùbúlẹ̀." Títí òtútù ọdún yẹn fi ń lọ sópin ni wọ́n fi ń kọ́ mi, erékùṣù kan lẹ́yìn òmíràn.

Bàbá kú kí ìgbà ooru tó dé. Ọmọ ọmọ wọn wá palẹ̀ ẹrù mọ́, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó mú àwòrán náà lára ògiri, ó bi mí pé ìgbálẹ̀ ta ló bà jẹ́ báyìí. Mo ní kó dùbúlẹ̀. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ dùbúlẹ̀ jàre, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀."

Ó dùbúlẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe gbọ̀n, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó wá lọ́sẹ̀ kejì, ó wá lọ́sẹ̀ kẹta, mo ń kọ́ ọ títí gbogbo rẹ̀ fi dé ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé àwòrán rẹ̀ lọ.

Mi ò dé òkun Bàbá rí, bóyá mi ò sì ní débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé báyìí tí ẹsẹ̀ ò gbé mi mọ́, ilẹ̀ ni mo máa ń lọ bá, ìka mi á sì máa ti erékùṣù kan bọ́ sí èkejì. Màmá mi ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Ìyókù ìgbálẹ̀ náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ju ìdí kékeré kan lọ, kò lè gbá ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti mú un dé ẹnu garawa ìdọ̀tí kí wọ́n tó rí mi.

"Gbé e sílẹ̀! Ṣé o mọ ohun tó jẹ́ ni?"

Mo dá a padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo lọ dùbúlẹ̀.