Kọ́bọ̀ Oníhò Lórí Apá Giramafóònù

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já, ilé tó ní giramafóònù kò pọ̀ ní ìlú wa nílẹ̀ Okun. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, ní ọ̀kan. Òkúta rédíò, ìyẹn bátìrì, ni ẹ̀rọ náà ń lò. Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ̀yin ọmọ òde òní, apá ni ohun gbọọrọ tó máa ń gbé abẹ́rẹ́ sórí àwo orin, tí abẹ́rẹ́ náà á sì máa tọ ojú ìlà ara àwo lọ títí orin yóò fi tán. Ọ̀rọ̀ apá yẹn ni mo fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹ̀ mí láti sọ ọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Galadimawa ló fà á. Ó pẹ́ tó ti ń kó àwo àtijọ́ jọ. Lóṣù tó kọjá ó lọ ra apá giramafóònù, apá nìkan o, kì í ṣe odindi ẹ̀rọ. Iye tó rà á, owó ìfẹ̀yìntì mi ti ọdún kan kò tó o. Inú bí mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì láti Nyanya lọ sí ibi iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n á há mi mọ́ ẹnu ọ̀nà bí ẹrù, kí ọmọ yìí ṣáà lè kàwé. Òun ló wá fi owó ra irin tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ní kó dá a padà fún ẹni tó tà á fún un.

"Kai, Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀ ná," ó ní. "Ẹ gbé àwo tí ẹ fi pamọ́ yẹn wá. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, tí kò bá yàtọ̀, màá dá a padà."

Kò mọ ohun tó fọwọ́ kàn.

Ohùn ìyá mi ló wà nínú àwo yẹn. Àwọn kan ló gbé ẹ̀rọ wá láti ìlú ńlá, wọ́n gba orin ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ìjọ wa sílẹ̀, nígbà tó sì yá, wọ́n fi àwo kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí bàbá mi. Láàárín orin náà, gbogbo àwọn yòókù á dákẹ́, ìyá mi nìkan á dá ìlà kan kọ. Ìlà kan péré. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi kú níbi ìkúnlẹ̀.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti jẹun tán, bàbá mi á gbé àwo náà sí i, á sì kọjú sí ògiri. Tó bá ti jáde nílé, èmi náà á yọ́ wọlé, màá gbé abẹ́rẹ́ sí ibi ìlà ìyá mi. Tó bá kọ ọ́ tán, màá tún gbé e padà. Mi ò mọ iye ìgbà. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ìlà ìyá mi gan-an ló sì máa ń fò. Bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó fò ó, mi ò sunkún tó bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú.

Télọ̀ kan wà lẹ́bàá ọjà tí òun náà ní giramafóònù. Mo ti rí ohun tó ń ṣe sí tirẹ̀. Kọ́bọ̀ ìgbà yẹn ní ihò láàárín, ẹ̀yin ò bá a. Mo ki òwú bọ ihò kọ́bọ̀ kan, mo so ó mọ́ orí apá kí ó lè tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Kò fò mọ́! Bàbá mi rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ní làákàyè. Nígbà tó tún ń fò, mo so ìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkẹta. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí ẹrù ṣe ń pọ̀ lórí apá, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń họ ohùn kúrò lára àwo.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo gbé àwo náà lọ sí Galadimawa. Oòrùn mú, orúnkún ń dùn mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ọmọ mi rọra nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, ó sọ apá kalẹ̀, apá náà sì bà lé e láìdún rárá. Mo gbọ́ àwọn obìnrin ìjọ wa. Mo gbọ́ ẹnì kan tó wúkọ́ lẹ́yìn wọn; láyé mi, mi ò gbọ́ ikọ́ yẹn rí. Ó wá kan ìyá mi. Àwọn yòókù dákẹ́. Mo gbọ́ tó mí sínú kí ó tó kọrin, èémí kan, kedere, bí ẹni tó jókòó tì mí. Lẹ́yìn èémí yẹn, ariwo ni, bí ìgbà tí omi bá kán sínú òróró gbígbóná. Ariwo náà ló wà níbẹ̀ títí àwọn obìnrin yòókù fi gbè é.

Ọmọ mi gbé àwo náà sábẹ́ iná, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Mọ́mì, ẹnì kan ti ba ibí yìí jẹ́ o. Ẹrù tí wọ́n gbé lé apá ti pọ̀ jù. Ta ló ṣe irú eléyìí?"

Mo ní ó ti pẹ́, mi ò rántí.

"Ó dáa, ṣé kí n dá apá náà padà?"

Mo ní kó má dá a padà. Mo ní kó tún gbé e sí ibi tí ìyá mi ti mí sínú yẹn. Ó gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ń gba ohùn ìyá yín sórí fóònù, ẹ sì ń pa á rẹ́ kí àyè lè wà fún nǹkan mìíràn. Nígbà tiwa, àwo kan ni, kò sí òmíràn. Tí ẹ bá bi mí bóyá ó tọ́ kí èèyàn ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí apá, mi ò lè bínú mọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ni apá lè bá wa mú jáde. Ohun tó ti họ ti lọ.

Mi ò tíì sọ fún ọmọ mi. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Kọ́bọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lórí òwú nínú àpótí mi nílé, ní Durumi, wọn ò sì ṣeé ná mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ mi ní apá òun wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ́n tó kọ́bọ̀ mẹ́ta yẹn.