Ọdún Tí Bàbá Mi Kọ̀ Láti Yẹ Bíréèkì Wò

Ní àná, ọkọ̀ akẹ́rù kan sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé wa, òórùn bíréèkì tó gbóná jù sì wọlé bá wa ní yàrá. Àwọn ọmọ-ọmọ mi sáré ti fèrèsé. Èmi kò lè dìde, nítorí òórùn náà ti gbé mi padà sí gáréèjì Sábó ní Ilé-Ifẹ̀, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980.

Nígbà náà, bàbá mi ni àgbà àwọn awakọ̀ akẹ́rù níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá di ẹrù iṣu tàbí kòkó kì í jáde àfi bí Bàbá bá yẹ táyà rẹ̀ wò, tí wọ́n sì tẹ bíréèkì lójú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ a dọ̀bálẹ̀ fún un tán, wọn a tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Bàbá Oníbíréèkì, ìyàwó mi náà ń sáré jù, ẹ bá mi yẹ òun náà wò.”

Nígbà tó yá, àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ máa kó ẹrù bó ṣe wù ú, kí ẹnìkan má dá a dúró mọ́. Inú àwọn ọlọ́jà dùn, nítorí ẹrù wọn ń tètè dé. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kò sùn mọ́, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé gáréèjì ni yóò rí ẹrù gbé. Bàbá fi ìbínú jókòó sí ilé wa ní Òkè-Ògbó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Rájí, tó kọ́ṣẹ́ awakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, gbé ọkọ̀ tó kó iṣu lọ sí Ìbàdàn dúró sí ẹnu ọ̀nà wa.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. Bí mo bá tẹ bíréèkì yìí, ó ń wọlẹ̀ pátápátá kó tó mú.”

Bàbá kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀kọ tó ń mu. “Ṣebí wọ́n ní iṣẹ́ mi ti parí? Lọ bá àwọn tó pàṣẹ.”

“Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ọ̀dọ̀ yín ni mo wá.”

“Máa lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé bàbá mi ti borí. Rájí dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ọkọ̀ mìíràn yóò gba iṣẹ́ náà. Ó lọ.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́bàá Ẹdúnàbọ̀n, bíréèkì kọ̀. Rájí yí ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tajà létí ọ̀nà, ó sì kọlu igi. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Nígbà tí a dé ọsibítù, òun ló kọ́kọ́ kí wa. “Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, bíréèkì ló ṣe é.” Bàbá di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ìgbà tí a ń padà sílé ló tó wí pé, “Ìbá kúkú bú mi.”

Lónìí, ọ̀nà ti fẹ̀, ọkọ̀ ti pọ̀, kò sì sí àgbà tó ń ní kí awakọ̀ kankan dúró. Àṣẹ náà gba ipò lọ́wọ́ bàbá mi lóòótọ́. Kò gba ohun tí Bàbá mọ̀ nípa ọkọ̀. Bàbá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní gbogbo ọdún Iléyá, Rájí a fi ọ̀pá tilẹ̀ gbé ẹran wá fún un, Bàbá a sì gbà á láì lè wò ó lójú. Títí Bàbá fi kú, “Ọ̀gá mi” ni Rájí ń pè é.