Ìgbẹ́ Ọ̀rìn Tí Oògùn Ò Ràn

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì níwájú ilé wọn ní Èsìẹ́. Mo kórìíra ṣọ́ọ̀bù náà kí n tó kórìíra ẹni tó ni ín.

Nígbà tí owó epo ń ṣàn, ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀mù-Àrán kì í ṣaláìní oògùn ọmọdé. Nígbà tí ìlú le, pẹpẹ òfìfo ló kù. Èmi wà ní yàrá àyẹ̀wò. Ọmọkùnrin mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọdún méjì, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Èsìẹ́. Bí ọmọ yìí bá ti ń ṣunú, ẹ̀gbọ́n á tú kápúsù kan sínú ẹ̀kọ rẹ̀. Ìgbẹ́ bá dá, oògùn dá nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ìyàwó, àwa la tọ́ ọkọ rẹ dàgbà."

Nígbà òjò kan, wọ́n gbé ọmọ náà wá bá mi. Ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, ojú rẹ̀ ti wọnú, kápúsù ò ràn án mọ́. Mo fọwọ́ ara mi gbin ìgbẹ́ rẹ̀ sínú àwo kékeré, mo to bébà tí a rẹ sínú oríṣiríṣi oògùn lé e. Oògùn tó bá lágbára, kòkòrò àrùn kì í hù yí i ká. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti hù bo àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bébà oògùn abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sá fún, a ò sì ní abẹ́rẹ́ náà.

Ọ̀gá mi wo àwo náà. "Oògùn díẹ̀díẹ̀ yẹn pa àwọn tó rọ̀, ó dá àwọn tó le sí. Wọ́n ní ohun kan bí òrùka tín-ín-tín nínú ara, ibẹ̀ ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ba oògùn jẹ́ wà. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún kòkòrò mìíràn, bí wọn ò tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan náà."

Ọkọ mi wá abẹ́rẹ́ lọ sí Ìlọrin. Èmi fi ọmọ sọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èsìẹ́.

"Kí lo ń fún ọmọ mi?"

Àwọn tó ń rajà yíjú sí mi. Nílé wọn, ìyàwó kì í sọ "o" sí ọmọ tó bá nílé, áńbọ̀sì àgbà.

Ẹ̀gbọ́n fò dìde. "Èmi lo ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Ilé ìwòsàn yín tó ń dá aláìsàn padà ńkọ́? Kí n káwọ́ gbera, kí ọmọ máa kú?"

"Ìwọ lo ń kọ́ kòkòrò níjà!" Mo gbá páálí kápúsù dànù lórí káńtà, mo sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Ó fọ́ mi létí. Àwọn ìyàwó ilé ló dì mí mú.

Ọkọ mi rí abẹ́rẹ́ náà, ìwọ̀n tó tó ọmọ kan. Ọmọ wa yè.

Àmọ́ ọmọbìnrin kékeré tí télọ̀ inú agboolé ọkọ mi bí, tó máa ń bá ọmọ wa ṣeré, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀jẹ̀. Kò gbé kápúsù mì rí láyé rẹ̀. Mo gbin ìgbẹ́ tirẹ̀ náà: bí àwo ọmọ mi ṣe rí gẹ́lẹ́ ló rí. Ọkọ mi tún lọ wá abẹ́rẹ́ ní Ìlọrin; kò tíì dé tí ọmọbìnrin náà fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mọ̀lẹ́bí ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n. Mo kúnlẹ̀ nítorí àwọn àgbà, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ ẹ́. Télọ̀, ìyá ọmọ tó kú, wo àwa méjèèjì.

"Ẹ máa jà á lọ," ó ní. "Ọmọ tèmi ò mu oògùn yín."

Ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì jáde. Kí iṣu tuntun tó dé, ó ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí Àrándùn. Kò kí wa mọ́.