Ọmọ Ajá Tó Jọ Ìyá Ẹ̀ Jù

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń sin ajá lẹ́yìn Àgọ́ Palace ni mo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Boerboel ni wọ́n ń sìn, àwọn ajá olórí rìbìtì tí wọ́n fi ń ṣọ́ oko ní South Africa, tí àwọn olówó Èkó wá fi ń ṣọ́ géètì báyìí. Òfin ọ̀gá mi ni pé àlejò kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n lè ya ìkà. Wọ́n ní ta ló máa ra ajá tó ń ju ìrù sí olè.

Òfin yẹn ló kó bá ajá wa tó dáa jù. Níbi ìdíje tí wọ́n ti ń yan ajá tó dára jù, adájọ́ gbọ́dọ̀ ṣí ẹnu ajá wo eyín. Bàbá adájọ́ nawọ́, ajá fò mọ́ wọn, ni wọ́n bá lé wa kúrò lórí pápá. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló bímọ, tó kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló yè, obìnrin, èmi ni mo fi fíídà bọ́ ọ.

Háà, mo fẹ́ràn ọmọ yẹn o, àmọ́ ó tún ń bà mí lẹ́rù. Bó ṣe ń dàgbà ló ń di ìyá ẹ̀, títí dórí bó ṣe máa ń mí kanlẹ̀ kó tó sùn. Ó máa ń jókòó síwájú kéèjì ìyá ẹ̀ tó ti ṣófo, á máa ju ìrù. Màá ní mi ò ní wò. Màá tún wò.

Ọ̀gá ní tí wọ́n bá lé èyí náà níbi ìdíje, àwọn á tà á fún àwọn tó fẹ́ so ajá mọ́lẹ̀ ní Apakun. Bí ọ̀gá bá ti jáde báyìí, màá bẹ ẹni tó bá ń kọjá pé kó bá mi ṣí ẹnu ẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì ní, “Tó bá gé mi níka, ṣé ìwọ lo máa bá mi kiri?” Síbẹ̀ wọ́n ṣí i.

Lọ́jọ́ ìdíje ní Ìsọlọ̀, bàbá adájọ́ ọjọ́sí náà ló tún dé. Wọ́n rí ajá mi, wọ́n dúró gbagidi. “Ṣebí wọ́n ní èyí ti kú?”

“Ìyá ẹ̀ ni, sà.”

Wọ́n rọra nawọ́. Ajá mi tẹjú mọ́ ọwọ́ yẹn bíi pé ó ti rí i rí, mo di okùn ẹ̀ mú. Àfi bó ṣe la ẹnu gbàgà.

Ipò kejì la ṣe. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá bi mí pé ta ló ń fọwọ́ kan ajá àwọn. Mo ní gbogbo àdúgbò ni. Wọ́n wá rọra pe ajá náà.

Orúkọ ìyá ẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Ó sì lọ bá wọn.