Pẹ́pẹ́yẹ Tó Bá Bàbá Guihai Yan Dáyóòdù

Ọjọ́ tí Bàbá Guihai gbé pẹ́pẹ́yẹ ńlá rẹ̀ lọ sí ọjà ohun èlò iná ni gbogbo ìlú Chenghai fi ń rántí rẹ̀. Tísà ni ó ń pè é. Ó tóbi débi pé wọ́n fún un ní àga tirẹ̀ níwájú ìsọ̀ Piakgek, tó ń ta ohun èlò iná.

"Dáyóòdù ni mo wá rà," ni Bàbá wí. "Tísà ló máa yàn án."

"Bàbá yìí, ṣé orí yín pé báyìí?" ni Piakgek bi í.

"Orí mi pé. Etí Tísà ló pé ju tèmi lọ."

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Souhiang, ìyàwó ọmọ Bàbá, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe pẹ́pẹ́yẹ oníbátìrì tó ń ké fún ọmọdé. Bí ọmọ bá ki bátìrì sódì, inú ohun ìṣeré náà á gbóná, á jó. Dáyóòdù, ègé kékeré kan nínú rẹ̀, ni aṣọ́nà: ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí iná gbà. Àmọ́ aṣọ́nà náà ń gba owó ibodè. Ó ń bù jẹ nínú iná tó ń kọjá, ohùn pẹ́pẹ́yẹ á wá dà bíi ti àgbà tó ń wúkọ́.

Souhiang ti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. "Bàbá, ọ̀la ni oníbàárà ń bọ̀. Bí kò bá rà á, a ó ti ṣọ́ọ̀bù pa nìyẹn. Ohùn ló fẹ́ rà, kì í ṣe aṣọ́nà!"

"Ọmọ ta lẹ fẹ́ kí ó jó lọ́wọ́?"

Ìdí nìyí tí Bàbá fi gbé Tísà lọ.

Ní ọjà, Bàbá so dáyóòdù àkọ́kọ́ mọ́ pẹ́pẹ́yẹ ìṣeré kan tó mú wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó ké. Tísà pa ojú dé. Ti èkejì, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ti ẹ̀kẹta, ó bu ṣòkòtò Piakgek jẹ.

"Ẹyẹ yín ya mí láṣọ!"

"Dáyóòdù yín ló bí i nínú."

Kí àlàáfíà lè wà, Piakgek fa àpótí ìsàlẹ̀ yọ, ó mú irú dáyóòdù tí kì í gba owó ibodè púpọ̀ jáde. Ohun ìṣeré náà ké. Tísà dìde lórí àga, ó na ọrùn, ó dáhùn tó bẹ́ẹ̀ tí ife tíì fi ṣubú.

"Ẹ dì í fún wa," ni Bàbá wí.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ki bátìrì, ó sì kì í sódì. Ohun ìṣeré náà kò ké.

"Ó ti kú," ni ọkùnrin náà wí, ó ti ń dìde.

Bàbá bu tíì fún un. "Ẹ jókòó, ọ̀gá. Kò kú, kò sì jó. Ẹ̀yin lẹ ṣì í ṣe, ó sì ti fi orí jì yín. Ẹ yí i padà."

Ó yí i padà, ohun ìṣeré náà ké. Tísà sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó gun orí tábìlì, ó dáhùn, ó sì mu tíì oníbàárà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ṣe é fún òun lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà ò tì títí di òní.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni Bàbá kú. Nígbà tí ọjọ́ gbígbá oórì pé, tí wọ́n lọ gbá ojú oórì rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé ẹran pẹ́pẹ́yẹ lọ fún òkú bí àwọn ará ìlú ti ń ṣe. Ta ni yóò dán an wò, nígbà tí Tísà ń bá wọn bọ̀? Souhiang bu tíì ife mẹ́ta, ó gbé ohun ìṣeré kan kalẹ̀, ó ki bátìrì sí i. Ohun ìṣeré náà kò ké.

"Yéè, mo kì í sódì!"

Ó yí i padà, ohun ìṣeré náà ké. Tísà na ọrùn lé orí oórì, ó dáhùn. Souhiang ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Bàbá," ni ó wí, "ó ṣì ń fi orí jì wá o."