Akoto Tó Ń Pẹ́ Kó Tó Bojú Wẹ̀yìn

Ọmọ mi ni mò ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn náà dé. Mo ti fọ ọṣẹ ara rẹ̀ tán, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, mo dorí rẹ̀ kodò, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ni ìyá tó ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa bá ń sáré bọ̀ láti ẹnu géètì, bàtà lọ́wọ́ kan, báàgì lọ́wọ́ kejì. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì ní Ìkẹjà. Òun ni olórí tábìlì tí a ti ń di bísíkíìtì sínú páálí.

"Ìyàwó! Ìyàwó! Wọ́n ti mú ẹ o!"

"Ta ló mú mi, Mọ́mì? Kí ni mo ṣe?"

"Fọ́kílíìfù ni! Wọ́n ní kí o wá kọ́ fọ́kílíìfù!"

Díẹ̀ ló kù kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Fọ́kílíìfù ni ọkọ̀ kékeré tó ní irin gígùn méjì níwájú, tó fi ń gbé páálí gòkè, tó sì fi ń gbé e sọ̀. Ọkùnrin nìkan ló ń wà á. Láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá tí mo sì bá ara mi nídìí páálí, ọkọ̀ yẹn ni mo máa ń wò bí ebi ṣe ń wo oúnjẹ. Mo fẹ́ jókòó sórí ẹ̀, kí n tẹ fèrè, kí àwọn ọkùnrin sá fún mi lọ́nà. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àlééfà nígbà náà, gbogbo èèyàn ló ń pariwo nǹkan tuntun, ọ̀gá tó ni ibi iṣẹ́ wa náà ò sì fẹ́ gbẹ́yìn. Ó ra akoto kan bọ̀ láti òkè òkun. Tí o bá dé e, ó máa bo ojú rẹ pátápátá, wàá máa rí ilé ìkẹ́rùsí kan tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ló wà. Tí o bá yí orí sọ́tùn-ún, wàá rí ọwọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ la ó ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ wíwà dánra wò, ká má baà lọ fi èyí tó jẹ́ gidi wó ògiri. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa ni wọ́n máa gbé gun fọ́kílíìfù.

Ọkùnrin méjì ló ṣáájú mi. Wọ́n mú ọrùn le bí ẹni tí oówo yọ sí lọ́rùn, wọ́n rọra ń wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èmi ńkọ́? Ìyá ọmọ ni mí. Ẹni tó ń pọn ọmọ kọjá láàárín èrò ní Dopemu mọ bí wọ́n ṣe ń bojú wẹ̀yìn wìì, kí ẹnì kan má baà fi ẹrù gbá ọmọ lórí. Ẹnjiníà tó ń bójú tó akoto náà ní kí n wẹ̀yìn kí n tó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, mo sì wẹ̀yìn wìì. Orí mi ti débẹ̀, àwòrán ṣì ń wo iwájú. Ìgbà tí mo dá orí padà ni ẹ̀yìn wá ń sáré dé. Mo tún wò ó. Gbogbo ilé ìkẹ́rùsí bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Òòyì kọ́ mi, ni ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín àárọ̀ bá jáde, ó sì balẹ̀ sórí bàtà mánéjà wa tó dúró ń wò mí.

Ni Mọ́mì bá figbe ta:

"Ẹ kú oríire o! Ìyàwó wa ti lóyún!"

"Mọ́mì, ẹ̀rọ yìí ni o!"

"Ẹ̀rọ wo? Èmi tí mo bímọ márùn-ún!"

Mánéjà ń nu bàtà, ó ní inú òun dùn fún mi, àmọ́ aboyún ò lè gun fọ́kílíìfù. Mo ní kò tíì pẹ́ tí mo ṣe nǹkan oṣù mi. Ojú tì í, ó ń wo òkè àjà. Mọ́mì ló bá a dáhùn: oyún òun kejì, òun ń rí nǹkan oṣù títí ó fi ń sọ nínú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù.

"Kí lo ń yọ ara rẹ lẹ́nu sí?" ni mánéjà wí. "Oṣù mẹ́sàn-án ò pẹ́. Tí a ò bá rí nǹkan kan, wàá padà wá."

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti délé. Ọkọ mi ti ń wá orúkọ. Ìyá rẹ̀, tó ń bá wa tọ́jú ọmọ, ti po ògì kalẹ̀, wọ́n ní ọmọ kì í mu ọmú aboyún, kí n já a lẹ́nu ọmú lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n gbé e pọ̀n, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Ọmọ ń nawọ́ sí mi láti ẹ̀yìn wọn, omi ọmú sì ń ro sára bùláòsì mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnjiníà wá bá mi nídìí páálí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwòrán yẹn ń pẹ́ kó tó tẹ̀lé yín?"

"Ó ń pẹ́ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó lọ dúró wo bọ́ọ̀lù."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èmi náà bì," ló sọ sí mi létí. "Ẹ̀yìn ilé ni mo lọ. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó ní òun máa wọn pípẹ́ yẹn lójú gbogbo wọn, àmọ́ ohun tó máa yí akoto náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò lè lóyún. Ni àwa méjèèjì bá kọjú sí fáànù onídùúró tó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ibi ìjẹun. Ó yọ abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀, ó yọ ìbòrí rẹ̀, ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ so akoto mọ́ ọn lórí. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ohun tí akoto ń rí lè máa hàn níbẹ̀, ó sì yá kámẹ́rà fídíò ẹni tó ń ya àwòrán ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó fi ya àwọn méjèèjì pọ̀. Ló bá rọra ń fi àwòrán náà hàn wá, díẹ̀díẹ̀. Fáànù ti yíjú sí òsì, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń lọ sí ọ̀tún tirẹ̀. Gbogbo àwa onípáálí ń pariwo:

"Kò tíì dé! Kò tíì dé! Kò tíì... ó dé o!"

Mo kọjú sí mánéjà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, oyún fáànù yìí ti pé oṣù mélòó?"

Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Ó jókòó lé páálí, bísíkíìtì inú rẹ̀ rún wómúwómú.

"Fáànù ò ṣáà bì," ni Mọ́mì wí.

"Ẹ̀yin náà ẹ dé e, Mọ́mì."

Wọ́n dé e. Wọ́n wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bá rọ̀ mọ́ mánéjà lọ́rùn. "Ẹ gbé e kúrò lórí mi! Ẹ gbé e kúrò!"

Ẹnì kan bá ké láti ẹ̀yìn: "Ẹ kú oríire, Mọ́mì!"

A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run àwa tí a ò dé akoto. Ẹnjiníà wá yọ òjìji àti dídán ilẹ̀ kúrò nínú àwòrán, ó ní ẹrù yẹn ló pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà. Ó tún dán an wò lórí fáànù, tẹlifíṣọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá a yí pọ̀. Mo dé e. Mo wẹ̀yìn wìì, wìì, wìì. Ẹnu mi ni gbogbo wọn ń wò. Mánéjà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan.

"Máa bọ̀ wá gun ti gidi láàárọ̀ ọ̀la," ló wí.

Mọ́mì fúnra wọn ló lọ ṣàlàyé fún ìyá ọkọ mi nílé. Ìyá ọkọ mi bá tú ọjá, wọ́n gbé ọmọ fún mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí bọ́tìnnì.

"Wá, ìyá mi," ni mo sọ fún ọmọ mi. "Kò sí àbúrò kankan níbẹ̀ o, akoto ló ń pẹ́. Ọmú ẹ nìyí, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ du ú. Àmọ́ má gé mi jẹ o, tètè mu ún, torí màmá ẹ ń lọ wa fọ́kílíìfù láàárọ̀ ọ̀la."